Kí Ẹ Tó Lé Òṣìṣẹ́ Yín, Ẹ Gbọ́ Tẹnu Rẹ̀

Lọ́yà tó ń gba àwọn oníléeṣẹ́ nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mí. Ẹ lè rò pé kóòtù ni mò ń gbé látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Rárá o, orí fóònù ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi wà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyá kan tó ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì pè mí. "Lọ́yà, ọmọ tó ń bá mi yan búrẹ́dì ti jẹ́ kí gbogbo ọjà òní jóná. Màá lé e láàárọ̀ ọ̀la, mi ò sì ní san owó oṣù rẹ̀."

Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Ó ti tó ọdún mélòó lọ́dọ̀ yín?" Wọ́n ní ó ti tó ọdún 3.

Mo wá ṣàlàyé Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà fún wọn. Ẹni tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ tàbí tó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé, tó ti lo ọdún 2 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún 5, ọ̀sẹ̀ 2 ni ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ fún un ṣáájú, nínú ìwé. Tó bá ti pé ọdún 5, oṣù 1 ni. Ó sì lè gba owó dípò àkókò yẹn.

Ti owó oṣù ńkọ́? Ẹ ò lè dá a gé. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ bà yín lọ́jà jẹ́, tàbí ó fi àìbìkítà bà á jẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé kí ẹ tó yọ iye tó mọ níwọ̀n.

"Ṣé mi ò wá lè lé olè lójú ẹsẹ̀ ni?" Ẹ lè lé e bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wúwo, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀ ná. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ oníléeṣẹ́ ti ń jẹ̀bi ní National Industrial Court nìyẹn.

Wọ́n fún ọmọ náà ní ìwé kúérì. Èsì rẹ̀ ni pé ààrò ti ń gbóná sódì fún ọ̀sẹ̀ kan, òun sì ti sọ fún alábòójútó. Wọ́n bi alábòójútó, òótọ́ ni. Ààrò ni wọ́n tún ṣe, ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo béèrè ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀, kò sí. Òfin sì ní kí ẹ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé yẹn kí oṣù 3 tó pé tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ wo fáìlì yín lónìí. Ó dìgbà kan ná.