Ìlù Dùndún: Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ Ti Ń Jáde

Ilé ìtàwé àwọn míṣọ́nnárì ni àdúgbò Challenge ní Ìbàdàn ti gba orúkọ rẹ̀. Lónìí, bí àríyá bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyáàlù dùndún ni etí ń gbọ́. Ojú awọ ni àwọn tí ń jó ń wò. Ọṣán ni ọ̀rọ̀ gan-an ti ń jáde.

Igi ọ̀mọ̀ tàbí igi apá ni gbẹ́nàgbẹ́nà sábà máa ń lò. Àwọn àgbà onílù a máa wí pé èyí tí ó hù lẹ́bàá ọ̀nà ni ó dára jù, nítorí pé ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn láti kékeré. Ìgbàgbọ́ tí ó dùn létí ni. A óò gbẹ́ igi náà kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì fẹ̀, kí ìbàdí rẹ̀ sì tín-ín-rín, a óò sì dá a lu láti ẹnu kan dé èkejì. Bí ìbàdí bá tóbi jù, ọṣán kò ní rí àyè wọlé nígbà tí a bá fún un, ìlù náà yóò sì di akólòlò.

Awọ ọmọ ewúrẹ́ ni a fi ń bo ojú méjèèjì, nítorí pé ó fẹ́lẹ́. A óò rẹ ẹ́ sínú omi, a óò fá irun rẹ̀, a óò sì nà án mọ́ òrùka. Ọṣán, awọ tí a là tẹ́ẹ́rẹ́ tí a sì lọ́, ni ó so ojú kan mọ́ èkejì. Bí onílù bá fún un, awọ yóò le, ohùn yóò gòkè. Bí ó bá dẹwọ́, ohùn yóò wálẹ̀.

Ohùn nìkan ni ìlù ní. Ilé, ọkọ́ àti igbá, bákan náà ni ó ń pè wọ́n. Nítorí náà ni onílù ṣe ń lo oríkì àti gbólóhùn gígùn tí etí ti mọ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni ìwé tí a tẹ̀ láìfi àmì ohùn sí: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ ti dàpọ̀ níbẹ̀. Kí ẹni tí ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ má ṣe fi ìlù ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní Kerala, ní ilẹ̀ Íńdíà, a máa ń tẹ okùn ìlù idakka bákan náà kí ohùn rẹ̀ lè yí padà. Orin ni ó ń kọ, nítorí pé èdè Malayalam kì í fi ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀.

Ìlù tí a ṣe fún ọ̀ṣọ́ ara ògiri lè lẹ́wà kí ó má sì lè sọ̀rọ̀. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra dùndún fún ọṣán rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó máa fi kọ̀ǹgọ́ lù ú bí ó ti ń fún un: ohùn ní láti máa gòkè láìfò, kí ó sì padà sí ipò rẹ̀ bí ó bá ti dẹwọ́.