Ọsàn Wo Nìyí?

"Ẹ̀gbọ́n, ọsàn wo wá nìyí?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ gráfíìkì náà wo bébà ọwọ́ mi, ó wo àwòrán, ó tún wo bébà. Àwòrán ìyá ìlù dùndún ni, tí ayàwòrán kan fi pẹ́ńsù yà fún mi, tí mo fẹ́ tẹ̀ jáde kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ẹ̀yà ìlù mẹ́fà ni mo kọ sórí bébà: awo, osan, igi ilu, saworo, agbeko, kongo. Inú ọkọ̀ ni mo ti kọ wọ́n, n kò sì rántí fi àmì kankan sí i. Àwòrán kejì tí mo gbé dání jẹ́ ti èso. Ta ló máa dá ọmọ náà lẹ́bi tó bá rò pé mo ti ṣèèṣì kó ọsàn wọnú ìlù?

"Ọsán ni," mo dá a lóhùn. "Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀, tí onílù máa ń fún mọ́ ìhà kí ìlù lè fọhùn."

"Áà, okùn ara ẹ̀! Ẹ ò wá kúkú kọ okùn?"

Mo ní rárá. Bí a bá kọ okùn, níbo ni ọmọ náà ti máa gbọ́ ọsán?

Ṣómólú la wà, nínú Èkó, níbi tó jọ pé gbogbo ilé kejì ló ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹni tó bá ti ṣe kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, ìwé ètò ìsìnkú tàbí pósítà olóṣèlú l'Ékòó, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ rẹ̀ ti gba àdúgbò yìí kọjá láìmọ̀. Íǹkì ń rùn, ẹ̀rọ tí ń gé bébà ń kì gbì-gbì, àwọn ọmọkùnrin ń ru bébà lórí gba àárín ọkọ̀ kọjá. CorelDRAW, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ló jọba nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ibẹ̀. Ní 1989 ni ilé iṣẹ́ kan ní Kánádà kọ́kọ́ gbé e jáde, àmọ́ bí ẹ bá gbọ́ bí àwọn ọmọ Ṣómólú ṣe ń pe Corel, ẹ ó rò pé ìyá ìyá wọn ló bí i.

Oníṣẹ́ gráfíìkì náà fi skánà gbé àwòrán ìlù wọlé, ó tẹ́ ẹ sórí layer (ìpele) tirẹ̀, ó sì tì í pa. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń ti ìlù mọ́lé. Ó ní bí máòsì bá ṣèèṣì kàn án, ìlù á rìn kúrò lábẹ́ orúkọ rẹ̀, èèyàn ò sì ní tètè mọ̀. Ó wá la layer kejì, ó ní ọ̀rọ̀ nìkan ni yóò máa gbé ibẹ̀.

F8 ni ó tẹ̀, irinṣẹ́ ọ̀rọ̀ sì yọjú. Ọ̀nà méjì ló wà láti kọ nǹkan níbẹ̀: kí o tẹ ojú kan lẹ́ẹ̀kan kí o bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, tàbí kí o wọ́ máòsì láti fi ya àpótí kí ọ̀rọ̀ tó wọ inú rẹ̀. Ó ní àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa ń ya àpótí fún gbogbo nǹkan. Bí wọ́n bá wá sọ lẹ́tà di ńlá, àpótí kò ní gbà á mọ́, ìdí ọ̀rọ̀ á sì farasin. Ìtàn gígùn ló ń fẹ́ àpótí. Orúkọ ẹyọ kan kò nílò ilé. Ó tẹ ojú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù, ó kọ "osan".

Ibí ni iṣẹ́ gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yára tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rí i dáadáa: ó ya róbótó kékeré kan, ó kùn ún ní dúdú, ó fà á wá sábẹ́ o. Ó ya ìlà pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, ó gbé e sórí a. Ó di ọsán! Bẹ́ẹ̀ làwọn ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣe kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń kọ orúkọ olóògbé sára ìwé ìsìnkú. Mo yìn ín. Bó ṣe ń gbọ́ oríyìn náà lọ́wọ́ ló fa ọ̀rọ̀ náà gòkè díẹ̀. "Osan" gòkè, àmì méjèèjì dúró sílẹ̀ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbàgbé sọ́jà. Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun lè so wọ́n pọ̀ kí wọ́n jọ máa rìn. Lóòótọ́ ni, àmọ́ bí o bá pààrọ̀ fọ́ǹtì lọ́la, lẹ́tà á yí ìrísí padà, àmì á dúró síbi tó wà, róbótó tó wà lábẹ́ o á bá ara rẹ̀ lábẹ́ s.

Mo mú fóònù mi. Kíbọ́ọ̀dù Google tó wà lórí rẹ̀ ní Yorùbá, mo tẹ àwọn orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà síbẹ̀ pẹ̀lú àmì wọn, mo fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ó ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ó dà á kọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán. Awọ jókòó dáadáa, ọsán náà jókòó. Ṣaworo ló kọ́kọ́ bà wá lójú jẹ́: ṣ iwájú rẹ̀ sanra, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni tó wọ agbádá àyálò. Ti kọ̀ǹgọ́ ló wá burú jù. Àmì tó yẹ kó wà lórí ọ̀ ti rá lọ sórí ǹ, èyí tó gbẹ̀yìn sì di àpótí òfìfo.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti ṣàlàyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Àwọn ará Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ nínú ìwé wọn, fún ohùn tiwọn. Nítorí náà, àìmọye fọ́ǹtì tí wọ́n ṣe kí Vietnam lè rà á ti ṣe wá lóore láìmọ̀. Àmọ́ Vietnam kò ní ṣ, nítorí náà ṣ tiwa di ọmọ òrukàn: bí fọ́ǹtì kò bá ní in, kọ̀ǹpútà á lọ yá a lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn. Ti àmì ohùn tún yàtọ̀. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà gbogbo ayé, fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ọ̀ àti ẹ́ kò ní nọ́ńbà tiwọn. Ọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ, kí àmì ohùn tó tẹ̀ lé e, fọ́ǹtì ni yóò sì mọ ibi tí àmì náà máa jókòó sí. Èyí tí kò bá mọ̀ á jù ú síbi tó bá rí. Ìdí nìyí tí ọsán fi kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ tí kọ̀ǹgọ́ fi kọsẹ̀. Orí a ni ohùn òkè ọsán wà, àwọn Potogí àti Sípéènì sì ti ń lo á láti ọjọ́ pípẹ́, kò sí fọ́ǹtì gidi tí kò mọ̀ ọ́n.

"Ẹ jẹ́ ká yọ àmì yẹn kúrò, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n á mọ̀ ọ́n kà."

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn tó kàwé jù ú lọ, n kò sì gbà pẹ̀lú wọn. Kọ ọ́ fún mi pé "mo bo osan je", láìsí àmì kankan, màá kà á bó ṣe yẹ, nítorí pé bíbó àti jíjẹ ti sọ irú osan tó jẹ́. Gbólóhùn ní aládùúgbò. Orúkọ tí a fi ìlà so mọ́ àwòrán kò ní ẹnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ ọdún méje tí kò rí ìlù sún mọ́ rí ni yóò dúró níwájú rẹ̀, òun ló sì máa pinnu bóyá ọ̀sán ni, ọsàn ni, tàbí ọsán. Ìwé ìròyìn lè gbàgbé àmì kó má fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Bí àwòrán bá gbàgbé rẹ̀, ó ti kọ́ ọmọ ní irọ́.

A dán fọ́ǹtì mẹ́rin wò. Ó fẹ́ràn ọ̀kan tó rí rẹ́sẹ́rẹ́sẹ́ bí àfọwọ́kọ, ó dùn ún láti fi sílẹ̀. Noto Sans la parí sí, tí Google ṣe, tí èèyàn lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn onímọ̀ fọ́ǹtì ń pe àpótí òfìfo yẹn ní tofu, nítorí ó jọ wàrà ẹ̀wà sóyà tí wọ́n gé ní igun mẹ́rin. Pé kí tofu kankan má yọjú mọ́ ni orúkọ Noto dúró fún. Bó ṣe yí àwọn orúkọ náà sí Noto, ṣ bọ́ agbádá àyálò, àmì kọ̀ǹgọ́ padà sórí lẹ́tà tó ni wọ́n. NẸ́PÀ mú iná lọ lójú ẹsẹ̀. Ó ti tẹ Ctrl àti S kí UPS tó bẹ̀rẹ̀ sí í han.

Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ dáhùn, ó kọ àkọlé ńlá sókè fúnra rẹ̀: IYA ILU. Mo bi í pé ìyá ìlú wo ni kí àwọn ọmọ máa wá kiri. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi àmì sí i, ó sì sún un kúrò létí bébà, torí pé àmì orí lẹ́tà ńlá ga ju bí ojú ṣe rò lọ, ọ̀bẹ tí ń gé bébà sì lè gé e dànù.

Ó fi ọfà so orúkọ mọ́ àwòrán. Orí ọfà náà tóbi, ó bo ṣaworo kan mọ́lẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ṣaworo ọ̀hún ló ń tọ́ka sí. A yọ ọfà, a fi tó-tó dúdú kékeré sí ìparí ìlà dípò. Ìlà àgbékọ́ àti ti awọ gba ara wọn kọjá. Ó pààrọ̀ ipò àwọn orúkọ náà, ó tán. Ó kìlọ̀ fún mi nípa ìlà tí Corel ń pè ní hairline, tó máa ń hàn lójú kọ̀ǹpútà tí yóò sì pòórá lórí bébà. Ó mú àwọn orúkọ ọwọ́ òsì, ó fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ R, gbogbo wọn sì tò sí ọ̀tún, nídìí ìlà wọn. Èyí tó fọwọ́ kàn kẹ́yìn ni àwọn yòókù tẹ̀ lé.

Ó tẹ orúkọ kan ṣoṣo jáde lórí A4, bó ṣe máa tóbi tó gan-an, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n lọ dúró ní òdìkejì títì. Kẹ̀kẹ́ Márúwá mẹ́ta kọjá láàárín wa. Mo rí "agbeko", n kò rí àmì rẹ̀. Ó gbé ìwọ̀n lẹ́tà láti 36 sí 60, mo tún sọdá. Àgbékọ́.

"Ṣé o ti curve ẹ̀?" Ọ̀gá ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló yọ orí sí wa. Kò sí ìbéèrè tí wọ́n ń bèèrè tó o ní àdúgbò yẹn. Ctrl àti Q ni, tí ọ̀rọ̀ fi ń di àwòrán, tí kò ní nílò fọ́ǹtì mọ́. Ẹ̀rọ tí kò ní Noto náà á tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Ohun tí o bá ti curve, o ò lè tún lẹ́tà kan ṣe nínú rẹ̀ mọ́, nítorí náà ó kọ́kọ́ fi ẹ̀dà kan pamọ́. Ó pè é ní "iya ilu final 2". Mo wo orúkọ fáìlì náà, mo pa ẹnu mi mọ́.

Ó ṣí àwòrán èso. Kò tún ọ̀rọ̀ tẹ̀ rárá. Ó lọ da ọsán kọ láti inú ẹ̀dà tí kò tíì curve, ó lẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èso àkọ́kọ́, ó pa lẹ́tà á rẹ́, ó fi à rọ́pò rẹ̀. Ọsàn. Ó wo orúkọ èso tó wà lórí bébà mi fún èyí tó kàn, ó rí "ibepe", ó sì na fóònù mi sí mi.

"Ẹ bá mi tẹ ìyẹn, Ẹ̀gbọ́n."