Wákàtí Kan Lọ́sẹ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ka Ẹni Tó Níṣẹ́ Lọ́wọ́ ní Nàìjíríà

Bí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ níwájú géètì Yunifásítì Ìbàdàn, tí ẹ sọdá sí Agbówó, agboòrùn lẹ máa kọ́kọ́ rí, tí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ lẹ́bàá títì. Tábìlì kékeré kan wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àga oníke kan, ẹ̀rọ POS kan, àti ọ̀dọ́ kan tó ti jókòó tì í láti àárọ̀. Ẹ bi ọ̀kan nínú wọn pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Bó bá ti jáde yunifásítì, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ohun tó máa sọ ni pé, "Mi ò tíì ríṣẹ́ o. Mo kàn ń fi eléyìí gbọ́ bùkátà ná ni."

Lójú ara rẹ̀, kò níṣẹ́. Lójú ìyá rẹ̀ tó ń gbààwẹ̀ lé e lórí nílé, kò níṣẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìṣirò, ìyẹn NBS, ó ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ka mánijà báńkì ní Dùgbẹ̀ ni wọ́n ṣe ka òun náà.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí di àríyànjiyàn gidi ni oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù Kẹta 2021, NBS ti kéde pé nínú oṣù mẹ́ta tó parí ọdún 2020, ìdá 33.3 nínú 100 àwọn tó ń wá iṣẹ́ tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ni kò ríṣẹ́ ṣe. Tó bá jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́ láti ọmọ ọdún 15 sí 34, ó tó ìdá 42.5. Lẹ́yìn ìkéde yẹn, kẹ́kẹ́ pa. Ó lé ní ọdún méjì tí a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìgbà tí àjọ náà máa tún lanu, ó ní ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023, ìdá àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe jẹ́ 4.1.

Ariwo ta. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ni, ọkọ̀ láti Challenge sí Bódìjà ti gbówó lórí, ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí méjì ń wá iṣẹ́ olùkọ́ tí kò rí. Báwo ni 33 ṣe di 4? Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìjọba tuntun ló fi ọwọ́ tẹ ìwọ̀n náà kó lè dára fún un. Mo lóye ìbínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kí ìjọba náà tó dé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tuntun náà, àbájáde àkọ́kọ́ tó mú jáde jẹ́ ti oṣù mẹ́ta tó parí ọdún 2022, ìdá 5.3 ni. Báńkì Àgbáyé àti àjọ ILO tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé ló bá NBS tò ó. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi àwọn èèyàn ló yí padà.

Bí òṣùwọ̀n àtijọ́ ṣe rí nìyí: ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 20 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tó sì ń wá iṣẹ́, wọn á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ríṣẹ́ ṣe. Ẹni tó bá ṣe 20 sí 39, wọ́n á ní iṣẹ́ rẹ̀ kò kún ọwọ́. Òṣùwọ̀n 20 yìí náà kò sì pẹ́ láyé. Ọdún 2015, nígbà tí Yemi Kale jẹ́ ọ̀gá NBS, ni wọ́n gbé e kalẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, 40 ni. Nígbà tí wọ́n fi 20 rọ́pò 40, iye àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe já wálẹ̀ wòìì, àwọn èèyàn sì pariwo nígbà yẹn náà.

Òṣùwọ̀n tuntun ti wákàtí kan ni. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ owó tàbí òwò èrè fún wákàtí kan péré láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, ó níṣẹ́. Kí wọ́n tó lè sọ pé ẹnì kan kò ríṣẹ́ ṣe, nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé sí i lára: kò ṣe wákàtí kan yẹn, ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó sì ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀ bí iṣẹ́ bá yọjú. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ níbẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mìíràn. Ẹni tó ti wá iṣẹ́ títí tó sú u, tó jókòó sílé, kò sí lára àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe mọ́. Wọ́n á kà á mọ́ àwọn tí kò sí nínú ọjà iṣẹ́ rárá, bíi baba tó ti fẹ̀yìn tì. Ibi tó ń dùn mí jù nínú òṣùwọ̀n yìí nìyẹn.

Ọmọ oní-POS tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti kọjá 20 wákàtí tipẹ́, nítorí náà òṣùwọ̀n méjèèjì ló kà á mọ́ oníṣẹ́. Ẹni tí àyípadà yìí gbé láti ibì kan sí ibòmíràn ni lébìrà tó máa ń gbé ṣọ́bìrì dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà ní ìdájí, tí ó jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni birikilà pè é lọ́sẹ̀ yẹn. Wákàtí mẹ́jọ. Lọ́dún 2020, kò níṣẹ́. Lọ́dún 2023, ó níṣẹ́. Ṣọ́bìrì kan náà, oríta kan náà, ebi kan náà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ wákàtí kan? Kì í ṣe Nàìjíríà ló dá a sílẹ̀. Láti 1982 ni àwọn onímọ̀ ìṣirò tó ń pàdé lábẹ́ ILO ní Geneva ti fẹnu kò sí i, wọ́n sì tún un tẹnu mọ́ lọ́dún 2013. Èrò wọn ni pé bí orílẹ̀-èdè bá ń ka gbogbo ọjà tí wọ́n ṣe nínú ọdún, ó yẹ kí wọ́n ka gbogbo ọwọ́ tó ṣe é, bó ti wù kí ó kéré mọ. Bóyá iṣẹ́ náà tó jẹun tàbí kò tó, ìbéèrè ọ̀tọ̀ nìyẹn, wọ́n sì ní kí wọ́n bi í lọ́tọ̀.

Ohun tó sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà gan-an nìyí: ní ìlú tí ìjọba kò ti ń fún aláìníṣẹ́ lówó oúnjẹ, ta ló lè jókòó ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìṣe nǹkan kan? Ẹni tó lè dúró de iṣẹ́ gidi ni ẹni tí wọ́n ń bọ́. Ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ kọ́lé sí Bódìjà lè máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ fún ọdún kan, kó máa jẹun nínú ilé. Ọmọ tó ń gbé yàrá kan pẹ̀lú àwọn mẹ́ta ní Agbówó gbọ́dọ̀ rí nǹkan tà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ wo bí ìwé NBS fúnra rẹ̀ ṣe fi í hàn: ní oṣù Kẹrin sí Kẹfà ọdún 2023, ìdá 4.2 ni àìríṣẹ́ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n láàárín àwọn tó kàwé kọjá girama, ìdá 8.0 ni. Kì í ṣe pé ìwé kò wúlò. Ẹni tó kàwé ló sábà máa ń rí ẹni tí yóò gbà á sílé nígbà tó bá ń dúró.

Gúúsù Áfíríkà ń lo òṣùwọ̀n wákàtí kan yìí kan náà, síbẹ̀ àìríṣẹ́ṣe tiwọn lé ní ìdá 30 nínú 100. Òfin ìyàsọ́tọ̀ àwọn òyìnbó fi ọ̀pọ̀ ọdún dí aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ láti tajà láàárín ìgboro wọn, àṣà ọjà ẹ̀bá títì kò sì rinlẹ̀ níbẹ̀ bíi tiwa. Nítorí náà, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀ kò rí agboòrùn sá sí. Ní Benin àti Togo, tí ọjà wọn jọ tiwa, ìdá náà kéré gan-an. Bí a bá fi èyí sọ pé ìgbésí ayé ní Kútọnu rọrùn ju ti Johannesburg lọ, a ti ṣi òṣùwọ̀n lò.

Báwo gan-an ni wọ́n ṣe ń kà á? NBS kì í lọ sílé gbogbo èèyàn. Ìdílé 35,520 ni wọ́n tò fún oṣù méjìlá, káàkiri gbogbo ìpínlẹ̀ àti Àbújá. Ẹni tó bá ti ra ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà mọ bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́. Oníbàárà tó gbọ́n kì í wo ojú àpò nìkan, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tó mọ́ ni wọ́n dà sókè. Á ti ọwọ́ bọ inú àpò dé ìsàlẹ̀, á bu ẹ̀kúnwọ́, á tún lọ bu láti inú àpò mìíràn. Àwọn onímọ̀ ìṣirò náà pín ilẹ̀ sí abala kéékèèké, wọ́n fi ìbò mú àwọn abala kan, wọ́n lọ kọ orúkọ gbogbo ìdílé tó wà níbẹ̀, wọ́n tún wá fi ìbò mú ìdílé tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀. Ìdílé níhìn-ín kì í ṣe ẹbí. Àwọn tó ń jẹun nínú ìkòkò kan náà ni. Ilé oníyàrá mẹ́wàá kan ní Agbówó lè jẹ́ ìdílé mẹ́sàn-án.

Ewu rẹ̀ wà. Ọdún 2006 ni wọ́n ka èèyàn gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, àdúgbò tuntun tó ti hù yí Ìbàdàn ká láti ìgbà náà kò sì ní òǹkà. Ewu kejì ni géètì. Akọ̀wé tó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì dání lè wọ ilé oníyàrá mẹ́wàá wọ́ọ́rọ́wọ́, kó sì dúró lẹ́nu géètì ẹ̀sítéètì títí tí mẹ́gáàdì á fi ní ọ̀gá kò sí nílé. Kì í ṣe àrùn wa nìkan. Ní Britain, àwọn tó ń dáhùn ìwádìí iṣẹ́ wọn dín kù títí wọn kò fi tó ìdá 20 nínú 100, tó fi jẹ́ pé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, àjọ ìṣirò wọn dá ìkéde rẹ̀ dúró.

Ṣùgbọ́n ìṣòro tó wù mí láti sọ jù ni ti ọ̀rọ̀ "iṣẹ́" fúnra rẹ̀. Láyé àwọn baba wa, ẹni tó ń roko, tó ń rẹ aró, tó ń rọ irin, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ìgboro ló yí ìtumọ̀ rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Nígbà tí àwọn ọmọ ìgbà náà jáde ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n rọ́ wá sí Ìbàdàn, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ń wá. Archibald Callaway, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tó ṣe ìwádìí nílùú yìí nígbà náà, kọ̀wé lọ́dún 1963 nípa àwọn ọmọ tó jáde ilé ìwé tí wọn ò ríṣẹ́. Ó sì kọ̀wé pẹ̀lú nípa àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wọn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà ti rí ibi gbé orí lé. Kò ju ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà tí Keith Hart, tó gbé láàárín àwọn aláìní ní Nima nílùú Accra, fi sọ fún ìpàdé àwọn onímọ̀ pé àwọn tí ìwé ìjọba pè ní aláìríṣẹ́ṣe ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni kò sí nínú ìwé. Láti ibẹ̀ ni gbogbo ayé ti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní informal sector. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló kọ́ wọn.

Nítorí náà, èmi kì í pẹ́ lórí iye bíi 4.1 mọ́ bí NBS bá ti gbé ìwé jáde. Mo máa ń ṣí lọ sí ojú ewé tó tẹ̀lé e. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023 yẹn, ìdá 75.4 àwọn tó níṣẹ́ ló ń dá òwò tàbí oko ara wọn ṣe, ìdá 11.8 péré ló ń gbowó oṣù tàbí owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìdá 92.6 ló wà nínú iṣẹ́ tí kò sí ìwé, tí kò sí owó ìfẹ̀yìntì. Bí ẹsẹ̀ bá dá, iṣẹ́ dá. Ìdá 33.2 kò ṣe tó wákàtí 40 lọ́sẹ̀, àwọn obìnrin, ọ̀dọ́ àti ará oko ló sì pọ̀ jù láàárín wọn. Ìdá 12.2 ní àwọn fẹ́ ṣe sí i, àyè rẹ̀ ni kò sí. Ìnira tí à ń wá nínú 4.1 wà níbẹ̀ gbangba, akọ̀ròyìn ni kì í gbé e sí àkọlé.

Kí ìwọ̀nyí tó lè péye, ẹni tó ń béèrè gbọ́dọ̀ mọ Yorùbá bí a ṣe ń sọ ọ́. Ẹ fojú inú wò ó pé akọ̀wé kan wọ ilé kan lẹ́yìn títì ní Challenge, ó bá ìyá kan tó ń ṣa ẹ̀wà lórí àwo.

"Mà, láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, ǹjẹ́ ẹ ṣe iṣẹ́ kankan tó mówó wá?"

"Rárá o, ọmọ mi. Mi ò ṣiṣẹ́. Ilé ni mo wà."

Akọ̀wé tó ń kánjú á tẹ "rárá", á sì kọjá. Èyí tí wọ́n kọ́ dáadáa á tún un bi: "Ẹ ò tajà, mà? Kódà fún wákàtí kan?"

"Háà, àkàrà tí mò ń dín lẹ̀ ń wí? Ìyẹn náà niṣẹ́?"

"Iṣẹ́ ni, mà. Ẹ jẹ́ ká kà á. Aago mélòó lẹ máa ń dìde?"

Aago mẹ́rin ni. Á gbé ẹ̀wà lọ sí ẹ̀rọ, á po ó, á dáná. Láago mẹ́wàá àárọ̀ ló máa ń gbé agbada kalẹ̀. Wákàtí mẹ́fà. Lálẹ́, á ṣa ẹ̀wà, á rẹ ẹ́, á bó o, á fọ agbada. Wákàtí méjì. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, torí kì í dín lọ́jọ́ Ìsinmi. Akọ̀wé náà tẹ 48 sínú tábúlẹ́ẹ̀tì.

"Méjìdínláàádọ́ta," ìyá náà tún un pè, ó sì fi àwo ẹ̀wà sílẹ̀. "Ti ọjà Bódìjà tí mo máa ń lọ ra ẹ̀wà ńkọ́? Ẹ ò tíì kà á."