Dídá Ojúlówó Píútà Mọ̀ Láàrin Ohun Èlò Àlòkù Ṣáájú Yíyọ́ àti Dídà Rẹ̀

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú pépà yìí ni láti ṣàlàyé bí a ṣe lè dá ojúlówó píútà mọ̀ láàrin àwọn ohun èlò àlòkù tí oníṣẹ́-ọnà ń rà láti yọ́, kí ó sì dà wọ́n sí ohun mìíràn. Píútà ni irin aláwọ̀ eérú tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe àwo, ife, ìkòkò tíì àti ọ̀pá àbẹ́là fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, kí àwo amọ̀ dídán àti gíláàsì tó gba ipò rẹ̀. Ó ṣì wà nínú ọjà àlòkù ní London àti ní àwọn ìlú mìíràn níbẹ̀. Ó wu àwọn tí ń da irin nítorí pé ooru tí ó ń yọ́ ọ kò pọ̀. Tánńganran, tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ń yọ́ ní 232°C, bẹ́ẹ̀ ni bàbà kò ní yọ́ àfi bí iná bá dé nǹkan bí 1,085°C. Ẹni tí kò ní ìléru bí ti àwọn asúdẹ lè fi sítóòfù àti ìkòkò irin kékeré ṣe iṣẹ́ náà.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ irin ni ó jọ píútà lójú tí kì í sì í ṣe píútà. Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé kò sí ìdánwò kan ṣoṣo tí ó tó láti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ìdánwò kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó lè yà sọ́tọ̀ àti ohun tí kò lè rí. Ìgbà tí a bá tò wọ́n tẹ̀ léra, tí ọ̀kan ń dí àlàfo tí èkejì fi sílẹ̀, ni a tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà.

2.0 Ọ̀rọ̀ lórí orúkọ

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ, nítorí pé a kò ní orúkọ tí ó wọ́pọ̀ fún píútà ní èdè Yorùbá. Èdè wa mọ ìyàtọ̀ láàrin tánńganran àti òjé. Ní Númérì orí 31, ẹsẹ 22, nínú Bíbélì Yorùbá, a rí i pé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni a to àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, àwọn ènìyàn a máa lo tánńganran fún abọ́ dídán tí a fi ń jẹun. Àwọn mìíràn sì rò pé tánńganran ni gbogbo ara agolo, bẹ́ẹ̀ irin ni agolo, tánńganran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a kàn fi bò ó lára. Nínú pépà yìí, tánńganran dúró fún ohun àlùmọ́ọ́nì tí a ń wà ní agbègbè Jos nìkan. Òjé dúró fún irin rírọ̀ tí ó wúwo gidigidi, tí àwọn apẹja fi ń so ẹsẹ̀ àwọ̀n.

3.0 Ohun tí píútà jẹ́

Píútà kì í ṣe irin kan pàtó, àdàlù ni. A lè pín in sí oríṣi mẹ́ta. Èkíní ni píútà àtijọ́ tí ó dára, èyí tí a fi bàbà díẹ̀ kún tánńganran kí ó lè le. Èkejì ni èyí tí a fi òjé kún. Òjé kò wọ́n tó tánńganran, nítorí náà bí òjé bá ṣe ń pọ̀ sí i ni èrè oníṣẹ́ ń pọ̀ sí i. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn ará Sheffield bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, tí wọ́n ń pè ní Britannia. Tánńganran inú rẹ̀ sábà máa ń tó ìdá 92 nínú 100, ántímónì nǹkan bí ìdá 6, bàbà nǹkan bí ìdá 2, kò sì yẹ kí òjé wà níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ píútà ní London ti ní òfin tí ó de àdàlù yìí láti ọdún 1348. Àwọn alábẹ̀wò ẹgbẹ́ náà a máa yọ́ díẹ̀ nínú ọjà oníṣẹ́, wọn a dà á sínú mọ́ọ̀dù kan, wọn a sì fi ìwúwo rẹ̀ wé ti tánńganran gidi tí ó ti inú mọ́ọ̀dù kan náà jáde. Bí ti oníṣẹ́ bá wúwo jù, òjé ti pọ̀ nínú rẹ̀ nìyẹn. Ọgbọ́n yìí kan náà ni a óò lò ní ìpín 5.3.

4.0 Àwọn ohun tí ó jọ ọ́

Mẹ́rin ni a fẹ́ mẹ́nu bà. Èkíní ni òjé fúnra rẹ̀ tàbí àdàlù tí òjé pọ̀ nínú rẹ̀. Èkejì ni síǹkì, èyí tí a fi ń da ère kékeré, ẹsẹ̀ fìtílà àti ife ẹ̀yẹ. Ẹ̀kẹta ni alumíníọ̀mù. Ilé-iṣẹ́ Wilton Armetale ní Amẹ́ríkà fi àdàlù rẹ̀ ṣe ọ̀pọ̀ àwo tí ojú rẹ̀ rí bíi píútà gan-an. Ẹ̀kẹrin ni ohun tí a fi fàdákà bò lára. Bí a bá rí EPNS lábẹ́ irú ohun bẹ́ẹ̀, bàbà, síǹkì àti níkẹ́ẹ̀lì ni ó wà nísàlẹ̀, kò wúlò fún wa. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ EPBM ni a rí, Britannia ni ó wà lábẹ́ fàdákà náà.

5.0 Ìlànà ìdánwò

Ìlànà tí a gbà ni pé ìdánwò tí kò ba ohun èlò jẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ ṣíwájú, kí iná sì kẹ́yìn.

5.1 Òǹtẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí a yí ohun èlò dà kí a wo ìdí rẹ̀. A lè rí òǹtẹ̀ oníṣẹ́, X tí adé wà lórí rẹ̀, tàbí òǹtẹ̀ kéékèèké mẹ́rin tí ó jọ ti àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà. Òǹtẹ̀ ń ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ẹnu oníṣẹ́ ni; kì í ṣe ẹ̀rí ara irin. Nígbà tí ó yá, àwọn oníṣẹ́ ń lu X aládé sára ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀. Òǹtẹ̀ tún ní iṣẹ́ mìíràn: ó lè fi hàn pé ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa ti pẹ́ gan-an. Iná Ńlá London ní ọdún 1666 run àwọn àwo tí a lu òǹtẹ̀ àwọn oníṣẹ́ ìṣáájú sí, nítorí náà ohun èlò tí ó ṣẹ́kù láti ìgbà náà jẹ́ ìwé ìtàn fúnra rẹ̀. Irú èyí kò yẹ ní yíyọ́. Kí a fi han àwọn onímọ̀ ní ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ni ó tọ́.

5.2 Òòfà àti bébà. Òòfà kì í fa píútà. Bí ó bá fà á, irin tí a fi nǹkan bò ni. Ṣùgbọ́n òòfà kì í fa òjé, síǹkì tàbí alumíníọ̀mù pẹ̀lú, nítorí náà bí kò bá fà á, a kò tíì mọ ohun púpọ̀. Lẹ́yìn èyí, kí a fa etí ohun èlò náà lórí bébà funfun. Òjé yóò fi ìlà dúdú sílẹ̀ bí ìgbà tí a fi pẹ́ńsù kọ̀wé. Píútà tí tánńganran rẹ̀ pọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

5.3 Omi. Kí a wọn ohun èlò náà nínú afẹ́fẹ́, kí a tún fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ó rọ̀ mọ́ òṣùwọ̀n nígbà tí ó rì sínú omi pátápátá. Kí a fi ìyàtọ̀ méjèèjì pín ìwúwo ti àkọ́kọ́. Bí ife kan bá wọn 365 gíráàmù nínú afẹ́fẹ́, tí ó sì wọn 315 nínú omi, ìyàtọ̀ jẹ́ 50, èsì sì jẹ́ 7.3. Iye tánńganran nìyẹn, ti Britannia kò sì jìnnà sí i. Bí òjé bá jẹ́ ìdá 20 nínú 100, èsì yóò tó nǹkan bí 7.9, bí ó bá jẹ́ ìdá 40, yóò tó 8.5. Òjé lásán jẹ́ 11.3, alumíníọ̀mù kò sì ju 2.7 lọ. Kí a ṣọ́ra fún ọ̀pá àbẹ́là tí a di nǹkan mìíràn sínú ìdí rẹ̀ kí ó lè dúró dáadáa, nítorí èsì tirẹ̀ yóò tàn wá jẹ.

Ibi tí omi kù sí ni síǹkì. Iye síǹkì jẹ́ 7.1, èyí tí ó súnmọ́ 7.3 débi pé òṣùwọ̀n ilé lásán kò lè yà wọ́n.

5.4 Iná. Síǹkì tí omi kò lè yà sọ́tọ̀, iná yóò yà á. Kí a fi ayùn gé díẹ̀ lára ohun èlò náà, kí a gbé e sínú ṣíbí irin gbígbẹ lórí iná tí kò ju 320°C lọ. Píútà yóò yọ́. Síǹkì, tí ń fẹ́ 419°C, kò ní yọ́. Ṣùgbọ́n iná pẹ̀lú ní àìrí tirẹ̀. Àdàlù tánńganran àti òjé lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní 183°C, ó tilẹ̀ yá ju ojúlówó lọ. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé iná nìkan yóò gba ayédèrú yìí wọlé. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé omi nìkan yóò gba síǹkì wọlé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a kíyè sí. A kò gbọdọ̀ ju ohun tí a kò mọ̀ sínú ìkòkò píútà tí ó ti yọ́, kí a máa rò pé bí ó bá jẹ́ síǹkì yóò dúró gbagidi. Tánńganran yíyọ́ ń jẹ síǹkì bí omi ṣe ń jẹ iyọ̀, bí ooru kò tilẹ̀ tíì tó èyí tí ń yọ́ síǹkì fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó bá ti wọ inú rẹ̀, píútà náà yóò ki, èépá yóò máa bò ó lójú, kò sì ní ṣàn dé gbogbo kọ̀rọ̀ mọ́ọ̀dù. Ohun kékeré kan lè ba odidi ìkòkò jẹ́.

6.0 Ewu tí ó wà níbẹ̀

Ìdí pàtàkì tí a fi ń tẹnu mọ́ ìdánwò wọ̀nyí ju ẹwà iṣẹ́ lọ. Òjé májèlé ni. Oúnjẹ tàbí ohun mímu tó kan, bí ọtí kíkan àti omi ọsàn, a máa fà á jáde láti ara àwo. Ọpọlọ ọmọdé ni ó máa ń bà jẹ́ jù. A kò gbọdọ̀ ka èyí sí ọ̀rọ̀ òkèèrè: ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, òjé tí ó wà nínú òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti wá wúrà pa ọmọdé tí ó lé ní 400. Nítorí náà, ohun tí ó bá ju 7.4 lọ nínú omi, tàbí tí ó fi ìlà dúdú sílẹ̀ lórí bébà, a kò gbọdọ̀ fi da ife, ṣíbí, àwo tàbí ohun ìṣeré ọmọdé. A kò sì gbọdọ̀ fi ìkòkò tí a fi yọ́ ọ se oúnjẹ mọ́ láéláé. Bí ó bá jẹ́ ohun ìjẹun ni a fẹ́ dà, èsì rere nínú gbogbo ìdánwò ilé yìí kò tíì tó; tánńganran tuntun tí a mọ orísun rẹ̀ ni ó yẹ kí a rà. Lẹ́yìn èyí, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni kí a ti yọ́ irin. Gbogbo ohun tí a fẹ́ gbé sínú ìkòkò gbọ́dọ̀ gbẹ, nítorí pé ẹ̀kán omi kan tí ó bá bọ́ sábẹ́ irin yíyọ́ yóò di ooru lójijì, yóò sì tú irin náà sí ènìyàn lójú.

7.0 Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé dídá píútà mọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú lásán. Òǹtẹ̀ ń sọ ohun tí oníṣẹ́ fẹ́ kí a gbà gbọ́. Òòfà ń yọ irin kúrò. Bébà àti omi ń tú àṣírí òjé. Iná ń tú ti síǹkì. Bí ohun èlò kan bá la gbogbo rẹ̀ já, a lè pè é ní píútà, kí a sì yọ́ ọ. Bí ó bá kùnà nínú ọ̀kan, kí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tí a kò tíì yọ́, a ṣì lè tún un yẹ̀ wò. Ohun tí a ti yọ́ kò ní ìdápadà.