Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ló dé tí àṣẹ kan náà kì í jẹ́ lórí gbogbo sáfà?

Ẹni tó ń tọ́jú ọ̀pọ̀ sáfà máa ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sínú script, kí kọ̀ǹpútà lè máa dá a ṣe. Wàhálà dé bí àwọn sáfà náà kì í bá ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Apache, ètò tó ń gbé ìkànnì jáde, ń jẹ́ apache2 lórí Ubuntu, ó ń jẹ́ httpd lórí Red Hat, bẹ́ẹ̀ Linux ni méjèèjì. Ansible, irinṣẹ́ tó ń bá èèyàn ṣe irú iṣẹ́ yìí, tó jáde ní 2012, lè bá yín yan apt tàbí dnf tí wọ́n fi ń gbé ètò sórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò ní bá yín tún orúkọ yẹn ṣe.

Ìyẹn ṣì sàn, torí ó máa pariwo bó bá kọ̀. Sed, àṣẹ tó ń tún ọ̀rọ̀ inú fáìlì ṣe, gan-an ni ọ̀dàlẹ̀. Ẹ tẹ sed -i -e lórí Linux, á tún fáìlì yín ṣe, ó parí. Lórí macOS, á rò pé "-e" ni ẹ fẹ́ fi parí orúkọ ẹ̀dà àtijọ́ tó máa fi pamọ́. Kò ní ṣàròyé. Ẹ kàn máa bá fáìlì àjèjì kan, bíi hosts-e, nínú fódà ni.

Ti Windows tún yàtọ̀. Àmì méjì ló fi ń parí ìlà, Linux ń lo ẹyọ kan. Script tí wọ́n fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ kọ lè dé Linux, kó ní òun ò rí bash, ètò tó yẹ kó ka script náà, bẹ́ẹ̀ bash wà níbẹ̀. Àmì tí ojú ò rí ló lẹ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀ nídìí.