Ẹja Halibut: Ohun Àjùmọ̀ní àti Ìṣòro Pínpín Rẹ̀

Halibut jẹ́ ẹja pẹlẹbẹ tí ó ń gbé ìsàlẹ̀ òkun tútù ní ìhà àríwá ayé. Èyí tí ó wà ní Òkun Pàsífíìkì, ní etí Alaska àti Kánádà, lè gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ, kí ó sì wọ̀n ju 200 kílógíráàmù lọ. Nígbà tí ẹyin rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ojú kan a wà ní ọ̀tún, ọ̀kan a wà ní òsì, bí ti ẹja yòókù. Bí ó ti ń dàgbà ni ojú òsì ń ṣí lọ sí ọ̀tún. Ẹja náà a wá fi ẹ̀gbẹ́ òsì, tí ó funfun, lélẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí ó dúdú a sì kọjú sókè.

Ẹja yìí kì í tètè dàgbà. Abo rẹ̀ a máa tó nǹkan bí ọdún 12 kí ó tó yé ẹyin. Nítorí náà, bí a bá pa á ní àpajù, kì í tètè padà pọ̀.

Àwọn Tlingit, Haida àti Makah, tí í ṣe onílẹ̀ etíkun náà, ń fi ìwọ̀ onígi tí ó ní egungun lẹ́nu pa á láti ayébáyé. Ní òpin ọ̀rúndún 19 ni reluwé àti yìnyín sọ ọ́ di ọjà ńlá. Àwọn oníṣòwò ń ju okùn gígùn tí ọ̀pọ̀ ìwọ̀ wà lára rẹ̀ sísàlẹ̀ òkun. Ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ní 1923, Kánádà àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àdéhùn láti dáàbò bò ó.

Lẹ́yìn náà, ìjọba fi òdiwọ̀n sí gbogbo ẹja tí a lè pa lọ́dún, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ní ìpín tirẹ̀. Ẹni tí ó bá yá ni ó ń kó o. Nígbà tí ó fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wákàtí 24 péré ni wọ́n ń ṣí òkun sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní Alaska, ìgbà mélòó kan lọ́dún. Bí ìjì ń jà, apẹja a jáde. Ọkọ̀ ń rì, ènìyàn ń kú, ẹja sì ń ya wọ ọjà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní 1995, wọ́n fún àwọn olówó ọkọ̀ ní ìpín tiwọn. Àkókò ìpẹja gùn tó nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, eré àsápajúdé sì dópin. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ kò rí nǹkan kan gbà, ọ̀dọ́ tí ó bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní láti ra ìpín lọ́wọ́ ẹni tí ó ti ní.

Ó hàn gbangba pé ọ̀tọ̀ ni kí a pa ohun àjùmọ̀ní mọ́, ọ̀tọ̀ ni kí a pín in bí ó ti tọ́. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní.