Bí A Ti Ń Retí Nígbà Tí Ẹgbẹ́ Wa Ń Fìdí Rẹmi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Òwe yìí ni mo fi ń gba ara mi níyànjú ní gbogbo ìgbà tí 3SC Ìbàdàn bá pàdánù.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ̀ bí ilé ìgbé wa ti ń rí ní alẹ́ Sátidé. Àwọn Arsenal á wà lápá kan, àwọn Chelsea á wà lápá kejì. Ní ọjọ́ tí mo sọ pé 3SC ni tèmi, ọ̀rẹ́ mi kan bi mí pé, "Ṣé wọ́n gégùn-ún fún ọ ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi. Kí ni ó ń mú ènìyàn retí ire láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tí ó ń já a kulẹ̀?

Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí irú ẹgbẹ́ tí mò ń wí. Ní 1976, nígbà tí ó ń jẹ́ IICC Shooting Stars, òun ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Múdà Lawal wà nínú rẹ̀. Ní 1992, ó gba ife CAF ní ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n dá ife náà sílẹ̀, nígbà tí ó na Villa ti ilẹ̀ Ùgáńdà ní 3-0 ní Ìbàdàn. Ó gba líìgì Nàìjíríà ní 1976, 1980, 1983, 1995 àti 1998.

Ṣùgbọ́n adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro ni wọ́n wí; tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1984, Zamalek ti ilẹ̀ Íjíbítì nà wá nínú àṣekágbá ife Áfíríkà, 2-0 ní Cairo, 1-0 ní Èkó. Ní 1996, a tún pàdé Zamalek. A borí 2-1 ní Ìbàdàn, àwọn náà borí 2-1 ní Cairo, wọ́n sì fi pẹnárítì gba ife mọ́ wa lọ́wọ́. Láti 1998 títí di òpin sáà tí ó parí ní 2025, a kò gba líìgì mọ́. Èyí tí ó dùn mí jù ni ti 2017: a já bọ́ sí ìpele kejì.

Bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀ kòkó ní abúlé kan lẹ́yìn Làlúpọn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwa ọmọ Ìbàdàn, a ní ilé ní ìgboro, a sì ní ahéré lóko. Lẹ́yìn ìjákulẹ̀ 2017 yìí, mo lọ bá a lóko. Ó ń tú kòkó tí ó sá sóòrùn, rédíò kékeré rẹ̀ sì wà lórí àpótí.

Mo ní, "Bàbá, ó tó gẹ́ẹ́. N kò ṣe 3SC mọ́."

Wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ní ọdún tí òjò pọ̀ tí kòkó dúdú lórí igi, ṣé mo gé igi náà?"

"Rárá, sà."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ká èyí tí ó bàjẹ́ kúrò, ẹ fín oògùn sí i, ẹ sì dúró de ọdún kejì."

"O ti dá ara rẹ lóhùn."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìrètí kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀. Àgbẹ̀ kò mọ̀ bóyá òjò yóò rọ̀ dáadáa; ó kàn mọ̀ pé bí òjò bá rọ̀, yóò bá iṣẹ́ òun nílẹ̀ ni. Ẹni tí ó fi owó ta tẹ́tẹ́ lé ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí kò retí. Èrè ni ó ń wá. Bí owó bá lọ, ìfẹ́ a bá owó lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo ti fi owó ìwé mi ta á rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò fẹ́ gbọ́ orúkọ 3SC sétí.

Ohun kejì ni pé ìrètí kì í sá fún òtítọ́. Ẹni tí ó ní a kò burú, tí a sì burú, ara rẹ̀ ni ó ń tàn. Bàbá mi ká èyí tí ó bàjẹ́ kúrò kí wọ́n tó fín oògùn. Ṣùgbọ́n ayò kan ṣoṣo kò tó láti fi dájọ́. Ní 1976, a ti na Tonnerre ti Yaoundé ní 4-1 kí a tó lọ bá wọn nílé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti nà wá ní 1-0. Ọjọ́ tí a pàdánù gan-an ni ọjọ́ tí a gba ife.

Ẹ̀kẹta, ètò líìgì fúnra rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ìrètí. Bí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀, òdo ni gbogbo ẹgbẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó gba ife àti ẹni tí ó gba ẹ̀gàn. Ẹni tí ó já bọ́ sì lè padà gòkè. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ wà lára àwọn tí a jọ já bọ́ ní 2017. Ní 2025, àwọn ni wọ́n gba líìgì Nàìjíríà. Ẹ tún wo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní bésíbọ́ọ̀lù. Chicago Cubs gba ife ní 1908, wọn kò sì tún gbà á títí di 2016. Ọdún 108! Àwọn tí ó rí ti àkọ́kọ́ ti kú, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ìrètí náà sílẹ̀ bí ogún fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ.

Ogún náà ni ẹ̀kẹrin, òun ni mo sì kà sí pàtàkì jù. Bí mo bá jókòó ní pápá Lekan Salami ní Adamásingbà, mo ń rí àwọn ará Mọ́níyà, Ẹgbẹ́dá àti Akánrán tí wọ́n fi oko sílẹ̀ wá. A jọ ń kẹ́dùn, a jọ ń bú aṣọ́lé, a sì jọ ń wọ ọkọ̀ padà. Ẹni tí ó bá ní ẹni tí yóò bá a kẹ́dùn, ọkàn rẹ̀ kì í tètè kú.

Ẹ̀yin ọmọ Arsenal àti Chelsea, n kò ní kí ẹ bọ́ aṣọ yín. Mo kàn ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má fi ti ilé ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí a padà sí ìpele kìíní ní 2021, etí Bàbá kò gbọ́ rédíò dáadáa mọ́. Èmi ni mo pariwo ìròyìn náà sí wọn létí. Mo rò pé wọn yóò fò sókè. Wọ́n kàn mi orí díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dára. Ta ni a ó kọ́kọ́ bá gbá?"